Ìbéèrè Àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Wádìí Ìpìlẹ̀ Ọ́pẹ́rà Carmen Àti Àwọn Tó Kọ́kọ́ Kọrin Nínú Rẹ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin, ọmọ ẹgbẹ́ akọrin àti àwọn tó ń kọ ìwé ètò fún àṣálẹ́ orin ló ń béèrè nǹkan wọ̀nyí lemọ́lemọ́. A to èyí tó rọrùn ṣáájú, èyí tó ta kókó sẹ́yìn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Carmen lẹ mú?

Nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn rò pé àwọn ti mọ̀. Orin inú rẹ̀ wọ etí aráyé ju ti ọ̀pọ̀ ọ́pẹ́rà Faransé lọ, síbẹ̀ àṣìṣe tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ kò lóǹkà. Ìwé tó jẹ mọ́ ọn sì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń tú ti Carmen á lè tú ti ọ́pẹ́rà Faransé mìíràn bíi Mignon tàbí Faust.

Kí ni àwọn nǹkan tí kò sí àríyànjiyàn nípa wọn?

Georges Bizet ló kọ orin. Henri Meilhac àti Ludovic Halévy ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìtàn tí Prosper Mérimée kọ, tí òun náà ń jẹ́ Carmen, ni wọ́n gbé e lé. Inú ìwé àtìgbàdégbà Revue des Deux Mondes ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1845. Alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1875, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ́pẹ́rà náà nílé ìṣeré Opéra-Comique ní Paris. Adolphe Deloffre ló darí orin. Camille du Locle ni ọ̀gá ilé ìṣeré nígbà yẹn. Adolphe de Leuven tí wọ́n ti jọ ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1874: kò rí i bí wọ́n ṣe máa ṣe eré tí wọ́n ti ń pa obìnrin lórí ìtàgé lójú gbogbo èrò, nínú ilé ìṣeré tí ìdílé ọkọ àti ti ìyàwó ti máa ń wá mọra.

Bizet kú ní Bougival, lẹ́bàá Paris, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún kan náà, oṣù mẹ́ta géérégé sí alẹ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún 36 ni. Ẹ fi ọjọ́ méjèèjì yìí sọ́kàn. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí Carmen lẹ́yìn oṣù Kẹfà 1875, Bizet kò sí níbẹ̀.

Mi ò lè dé Paris. Ibo ni kí n wò?

Gallica ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìkànnì Bibliothèque nationale de France ni, ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ Faransé, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀. Le Figaro, Journal des débats, Le Ménestrel àti ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ọdún 1875 wà níbẹ̀, ojú ewé sí ojú ewé. Ìwé orin tí wọ́n tẹ̀ láyé ìgbà náà wà lórí IMSLP, ìkànnì tó ń kó ìwé orin jọ lọ́fẹ̀ẹ́, àti Internet Archive.

Ẹ má kàn tẹ «Carmen» sínú àpótí ìwákiri kí ẹ sì jókòó. Ẹ̀rọ ló ka àwọn lẹ́tà kéékèèké inú ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ̀rọ náà sì ń ṣì í kà. Àmì orí orúkọ Galli-Marié, obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe Carmen, lè ti já bọ́; Lhérie, tó kọ́kọ́ ṣe Don José, lè ti di ohun mìíràn. Ohun tó yá jù ni kí ẹ mú ìwé ìròyìn kan, kí ẹ yan ọjọ́, kí ẹ sì fi ojú ara yín ṣí ewé. Abala eré ìtàgé kì í kúrò níbi tó máa ń wà. Tí ẹ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ìyókù á yá.

Èyí tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Bibliothèque-musée de l'Opéra, tó wà nínú Palais Garnier, ní àkójọ nípa ilé ìṣeré Opéra àti Opéra-Comique. Archives nationales ló ní ẹ̀dà àwọn ọ̀rọ̀ eré tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń yẹ eré wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ lè kọ̀wé sí wọn. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè náà jẹ́ ẹyọ kan, kó ní ọjọ́, kó sì kúrú. «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Carmen fún mi» kì í sábà rí èsì gidi gbà.

Mi ò gbọ́ Faransé. Ṣé mo ṣì lè ṣe é?

Ẹ lè ṣe é dé ìwọ̀n kan. Fún orúkọ òṣèré, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló máa gbé yín débi púpọ̀. *Personnages* ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn, *distribution* sì ni àkójọ ẹni tó ṣe ipa kọ̀ọ̀kan. *Première représentation* ni ìgbà àkọ́kọ́. *Reprise* ni pé eré ti wà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún gbé e padà. *Relâche* ni pé kò sí eré lálẹ́ ọjọ́ náà. *M.* ni ọkùnrin, *Mme* ni ìyáàfin, *Mlle* ni omidan. Ṣùgbọ́n ẹ má fi *Mlle* ṣe ẹ̀rí pé obìnrin kan kò tí ì lọ́kọ. Orúkọ orí ìtàgé ni.

*Créer un rôle* ló ń tan àwọn èèyàn jù. Kì í ṣe pé olórin ló dá ipa náà sílẹ̀ látinú orí rẹ̀, bí kò ṣe pé òun ló kọ́kọ́ kọ ọ́ lójú èrò. Tí ìwé Faransé bá ní Galli-Marié «créa» Carmen, alẹ́ 3 oṣù Kẹta 1875 ló ń sọ.

Tó bá wá kan ìdájọ́ àwọn alárìíwísí, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè náà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gún ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rọ ìtumọ̀ sì máa ń gbé e bí ìyìn.

Ta ni àwọn tó kọrin lálẹ́ àkọ́kọ́?

Célestine Galli-Marié ni Carmen. Paul Lhérie ni Don José, ọmọ ogun tó pa Carmen. Jacques Bouhy, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni Escamillo tó ń bá màlúù jà. Marguerite Chapuy ni Micaëla, ọmọbìnrin tó wá láti ilé José. Alice Ducasse ṣe Frasquita, Esther Chevalier ṣe Mercédès. Nínú àwọn ọmọ ogun, Eugène Dufriche ni Zuniga, Edmond Duvernoy sì ni Moralès. Àwọn onífàyàwọ́ méjèèjì ni Potel tó ṣe Dancaïre àti Barnolt tó ṣe Remendado. Nathan ni Lillas Pastia tó ni ilé ọtí, Teste sì ṣe afinimọ̀nà. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí kì í kọrin, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí àkójọ kan fi máa ń ní èèyàn méjìlá tí òmíràn á sì ní mẹ́wàá. Ibi tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di orin, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lásán sábà máa ń pòórá. Àkójọ kúkúrú kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ kàn béèrè irú ẹ̀dà Carmen tó ń tọ́ka sí.

Orúkọ àbísọ Nathan àti Teste dà?

Ìwé ìgbà náà kì í kọ ọ́. «M. Nathan», «M. Teste», ó tán. Kódà àwọn gbajúmọ̀ náà, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pè wọ́n lójú ewé: «M. Bouhy», «Mlle Chapuy». Àwọn tó ń ṣèwádìí lẹ́yìn ló fi ìwé ilé ẹ̀kọ́ orin, ìwé ìbí àti ìwé àdéhùn iṣẹ́ wá orúkọ àbísọ àwọn tó gbajúmọ̀. Ẹni tó ṣe ipa kékeré kì í sábà rí aájò bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, tí ojú ìwé kan bá fún Teste ní orúkọ àbísọ tó dùn-ún gbọ́, ẹ béèrè ibi tó ti rí i. Tí kò bá sí ìdáhùn, «M. Teste» ni kí ẹ kọ. Kò dín iyì iṣẹ́ yín kù.

Ìwé wo ni kí n gbà gbọ́ jù?

Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tirẹ̀ tó lè dáhùn. Ẹ bi í ní òmíràn, á ṣì yín lọ́nà láìpurọ́ kankan.

Ẹ mú ìwé ọ̀rọ̀ eré tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1875. Orúkọ òṣèré wà níwájú rẹ̀, ó sì tẹ́ni lọ́rùn láti wò. Ṣùgbọ́n irú ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé ọwọ́ atẹ̀wé kí alẹ́ àkọ́kọ́ tó pé. Ẹni tí wọ́n ti pinnu pé yóò ṣe ipa ló ń sọ. Bí ohùn ẹnì kan bá há lọ́sàn-án ọjọ́ eré, ibo ni ìwé á ti gbọ́? Ìwé orin dùùrù tí Choudens tẹ̀ lọ́dún 1875 rí bẹ́ẹ̀ náà ní ti orúkọ. Àmọ́ ní ti orin, ó ṣe pàtàkì gan-an, nítorí Bizet fúnra rẹ̀ ló tò ó. Ìwé orin gbogbo ohun èlò tí ilé iṣẹ́ kan náà tẹ̀ lọ́dún 1877 yàtọ̀ pátápátá: ọdún méjì lẹ́yìn ikú Bizet ni, ọwọ́ ẹlòmíràn sì ti wọ inú rẹ̀.

Alárìíwísí jókòó síbẹ̀, ó rí wọn. Ẹ̀rí rẹ̀ lórí Galli-Marié, Lhérie, Bouhy àti Chapuy kò ṣeé kó dànù. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan Frasquita àti Mercédès, ó lè pa wọ́n pọ̀ nínú gbólóhùn kan, kó tún ṣi orúkọ wọn kọ. Abala eré nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ń sọ eré tí wọ́n fẹ́ ṣe lálẹ́ yẹn. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ilé ìṣeré ń sọ èyí tí wọ́n ṣe àti iye owó tó wọlé. Ìyàtọ̀ «fẹ́ ṣe» àti «ṣe» yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà.

Fún alẹ́ àkọ́kọ́, tí ìwé ọ̀rọ̀ eré àti alárìíwísí méjì tí kò mọra bá fẹnu kò, èmi á gbára lé e. Fún alẹ́ mìíràn nínú ọdún 1875, ìwé ọ̀rọ̀ eré kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ìwé ìròyìn ọjọ́ náà gan-an tàbí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìṣeré nìkan ni. Ẹ tún wo Annales du théâtre et de la musique tí Édouard Noël àti Edmond Stoullig ń ṣe lọ́dọọdún. Oríire wa ni pé ọdún 1875 gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkójọ.

Àwọn alárìíwísí ta kora wọn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Lórí òtítọ́ ọ̀ràn, gbogbo wọn. Lórí bóyá eré dára, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ìwé ìròyìn. Heugel tó ń tẹ orin ló ni Le Ménestrel. Orin Mignon tí Ambroise Thomas kọ wà lára ọjà rẹ̀. Choudens tó tẹ Carmen, olùdíje rẹ̀ ni. Kò sọ ohun tí Le Ménestrel kọ di irọ́, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń tajà ló ń ṣèdájọ́ ọjà aládùúgbò.

Oscar Comettant bú eré náà gidigidi nínú Le Siècle, pàápàá bí Galli-Marié ṣe ṣe ipa náà. Théodore de Banville, akéwì, yìn ín nínú Le National: ó ní èèyàn gidi tó ń jìyà ló rí lórí ìtàgé, kì í ṣe ọmọláńgidi. Àwọn méjèèjì jọ sọ nǹkan kan náà fún wa, pé Galli-Marié kò bo ìwàkiwà Carmen mọ́lẹ̀ rárá. Ọ̀kan kórìíra rẹ̀, èkejì fẹ́ràn rẹ̀. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ló lágbára jù, èyí tí ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ jọ jẹ́.

Ẹ ṣọ́ ọjọ́ orí ìwé ìròyìn o. Kì í ṣe ọjọ́ kejì ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí orin ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń kọ̀wé, ọjọ́ Ajé ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Ìwé Banville jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọjọ́ karùn-ún sí alẹ́ àkọ́kọ́.

Kí ni «trial», «dugazon» àti «falcon» tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ipa? Ṣé olórin ni wọ́n?

Olórin ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ wọn kò sí lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn Faransé máa ń fi orúkọ olórin àtijọ́ pe irú ohùn tàbí irú ipa. Antoine Trial ni wọ́n fi pe tẹ́nọ̀ (ọkùnrin olóhùn òkè) aláwàdà, irú èyí tí Barnolt jẹ́. Louise Dugazon ni wọ́n fi pe ipa ọ̀dọ́bìnrin tí ohùn rẹ̀ kò wúwo. Cornélie Falcon, tó kọ́kọ́ ṣe Valentine nínú Les Huguenots lọ́dún 1836, ni wọ́n fi pe obìnrin tí ohùn rẹ̀ ga tó sì nípọn.

Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé «Trial ló ṣe Remendado» ti jí òkú dìde.

Mo rí Lhérie tó jẹ́ tẹ́nọ̀, mo tún rí Lhérie tó jẹ́ bàrítóònù. Ṣé ẹni méjì ni?

Ẹnì kan ṣoṣo ni. Tẹ́nọ̀ ni Paul Lhérie nígbà tó ṣe Don José. Lẹ́yìn ìgbà náà ohùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì di bàrítóònù, ohùn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ tẹ́nọ̀: òun ló kọ ipa Posa nínú Don Carlo tí Verdi tún ṣe, ní La Scala, Milan, lọ́dún 1884. Àwọn ojú ìwé kan ti pín in sí méjì nítorí èyí. Kí ẹ tó ya orúkọ kan sọ́tọ̀, ẹ to ọdún iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀léra, kí ẹ wo bóyá ọ̀kan parí níbi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Galli-Marié ńkọ́? Orúkọ bàbá ni àbí ti ọkọ?

Méjèèjì. Bàbá rẹ̀, Mécène Marié de l'Isle, olórin ni. Òun ló kọ́kọ́ ṣe Tonio nínú La fille du régiment lọ́dún 1840. Galli ni orúkọ ọkọ tó fẹ́. Ibi tó ta kókó sí ni pé àwọn arábìnrin rẹ̀, Irma àti Paola, olórin orí ìtàgé ni àwọn náà. Tí ìwé ìròyìn bá kàn sọ pé «Mlle Marié», ẹ má sáré. Ẹ wo ilé ìṣeré àti irú eré.

Kí Carmen tó dé, òun náà ló kọ́kọ́ ṣe Mignon lọ́dún 1866. Lọ́dún 1872, òun, Bouhy àti Lhérie jọ wà nínú Don César de Bazan tí Massenet kọ, nílé ìṣeré kan náà. Wọ́n ti mọwọ́ ara wọn kí wọ́n tó pàdé nínú Carmen. Òun kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ipa Carmen lọ̀: wọ́n ti fi lọ Marie Roze, ó kọ̀.

Halévy mélòó ló wà?

Méjì tó ṣe pàtàkì fún wa. Fromental Halévy kọ orin La Juive tó jáde lọ́dún 1835, ó sì kú lọ́dún 1862. Ludovic Halévy, ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ló kọ ọ̀rọ̀ Carmen pẹ̀lú Meilhac. Bizet fẹ́ Geneviève, ọmọ Fromental, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1869, èyí tó sọ Ludovic di ẹbí ìyàwó rẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi tí «Halévy» ti kọ̀wé lẹ́tà nípa Carmen, Ludovic ni. Èkejì ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́.

Orúkọ Bizet pàápàá ti da ọ̀pọ̀ rú. Alexandre César Léopold ló wà nínú ìwé ìbí, Georges ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un. Ẹnì kan náà ni.

Báwo ni ọ́pẹ́rà náà ṣe sún mọ́ ìtàn Mérimée tó?

Kò sún mọ́ ọn tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Nínú ìtàn, José fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn nínú ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó pa á. Carmen ní ọkọ, García olójú kan, José ló sì pa á. Ọ́pẹ́rà yọ García kúrò pátá. Escamillo kò sí níbẹ̀. Lucas ló wà, ẹni tó ń fi ọ̀kọ̀ gún màlúù látorí ẹṣin, ipa rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Dancaïre, Remendado àti Lillas Pastia ti wà nínú ìtàn tẹ́lẹ̀. José kò pa Carmen lẹ́nu ọ̀nà pápá ìjà màlúù. Ibi tó dá ni, ó sì sin ín.

Micaëla lẹ̀rí dáadáa tó dùn ún tú. Gbogbo ìwé ló ń sọ pé àwọn akọ̀tàn ọ́pẹ́rà ló dá a sílẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ibi tí José ti ń sọ ìgbà èwe rẹ̀: ó ní ilé ló máa ń wà lọ́kàn òun, òun kò sì gbà pé ọmọbìnrin tó rẹwà wà tí kò wọ síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tí irun dídì rẹ̀ kò sì wálẹ̀ sí èjìká. Ẹ wá ṣí ọ̀rọ̀ ọ́pẹ́rà sí ibi tí Micaëla ti kọ́kọ́ yọjú. Síkẹ́ẹ̀tì búlúù, irun dídì. Látinú gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ti yọ odidi èèyàn.

Ṣé Mérimée bá wọn lọ́wọ́ sí i?

Rárá. Ó kú ní Cannes lọ́dún 1870. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà níbòmíràn. Orin tí Carmen fi dá Zuniga lóhùn nígbà tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ nínú ìpele àkọ́kọ́, *Coupe-moi, brûle-moi*, kò sí nínú ìtàn Carmen. Inú ewì Pushkin, akéwì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nípa àwọn Gypsy, tí Mérimée túmọ̀ sí Faransé, ló ti wá. Ìwé ètò tó bá ní «ìtàn Mérimée» nìkan ni orísun kò pé.

Ti ìtàn gan-an, Mérimée kọ lẹ́tà sí ìyá Ọbabìnrin Eugénie, Countess Montijo, lọ́dún 1845 pé òun fi ohun tí obìnrin náà sọ fún òun ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ṣe é. Ẹ̀rí látẹnu ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn.

Ta ló ni Habanera? Ṣé ìlù Yorùbá ló wà nínú rẹ̀?

Habanera ni orin tí Carmen kọ nígbà tó kọ́kọ́ yọjú. Ohùn orin náà, Sebastián Iradier, ọmọ Sípéènì tó kú lọ́dún 1865, ló ni ín. *El arreglito* ló pe tirẹ̀. Bizet rò pé orin ìbílẹ̀ tí kò ní olówó ni. Nígbà tó gbọ́ pé ó lólówó, wọ́n fi àkíyèsí sí abẹ́ rẹ̀ nínú ìwé orin dùùrù pé a ṣe é ní àfarawé orin Sípéènì kan, tó jẹ́ ohun ìní àwọn tó ni Le Ménestrel. Heugel náà nìyẹn o, olùdíje Choudens. Ẹ lọ wo àkíyèsí yẹn fúnra yín lórí IMSLP. Lẹ́tà rẹ̀ kéré débi pé ojú máa ń fò ó.

Ìbéèrè kejì máa ń wá látọ̀dọ̀ tiwa, mo sì mọ ohun tó fà á. Orúkọ Havana ni wọ́n fi pe irú ijó náà, àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí sì pọ̀ níbẹ̀ láyé ẹrú. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ nínú àwọn tó ń lu ijó náà, ọwọ́ Áfríkà sì hàn nínú rẹ̀ kedere. Ṣùgbọ́n ijó ilẹ̀ Yúróòpù ni egungun rẹ̀, kò sì sí ìwé kan tó fi ìlù Carmen lé ọwọ́ Yorùbá ní pàtó. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́, ẹ kọ «Áfríkà ní Kúbà». Ibẹ̀ ni ẹ̀rí dé.

Ẹ̀dà wo ni Carmen gidi: èyí tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni, àbí èyí tí wọ́n ń kọ gbogbo rẹ̀ lórin?

Ní Paris lọ́dún 1875, ọ̀rọ̀ ẹnu ló wà láàárín orin; ohun tí «opéra-comique» túmọ̀ sí nìyẹn, kò ní kó pani lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ikú Bizet, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ernest Guiraud, tí wọ́n bí ní New Orleans, sọ ọ̀rọ̀ ẹnu náà di orin fún Vienna.

Gbogbo ènìyàn wá ń kọ ọ́ pé Vienna ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀dà Guiraud ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 1875. Ìdajì òótọ́ ni. Franz von Jauner, ọ̀gá ilé ọ́pẹ́rà Vienna, po méjèèjì pọ̀: ó lo díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ó lo díẹ̀ nínú orin Guiraud. Èdè Jámánì ni wọ́n sì fi ṣe é.

Lọ́dún 1964, Fritz Oeser tẹ ẹ̀dà tuntun tó dá ọ̀rọ̀ ẹnu padà. Ó tún dá ọ̀pọ̀ nǹkan tí wọ́n ti gé nígbà ìgbáradì padà, láìya èyí tí Bizet fúnra rẹ̀ gé sọ́tọ̀. Winton Dean, onímọ̀ orin ará Gẹ̀ẹ́sì, bá a wí gidi. Ìwé orin dùùrù 1875 lèmi ń fi dán gbogbo ẹ̀dà wò, nítorí Bizet wà láàyè nígbà tó jáde.

Mo rí fọ́tò «alẹ́ àkọ́kọ́» nílé Opéra-Comique. Ṣé mo lè lò ó?

Ẹ ṣọ́ra. Ilé ìṣeré tí wọ́n ti ṣe Carmen jóná ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 1887, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Ilé tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1898 ni wọ́n ṣí i. Fọ́tò inú ilé ìsinsìnyí kò lè jẹ́ ti 1875.

Fọ́tò òṣèré náà ní ìṣòro tirẹ̀. Wọ́n gbé Carmen kúrò lórí ìtàgé níbẹ̀ lọ́dún 1876 lẹ́yìn ìgbà 48, kò sì padà títí di ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1883, nígbà tí Adèle Isaac ṣe Carmen. Galli-Marié fúnra rẹ̀ padà ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ Carmen lè jẹ́ ti 1875, ó lè jẹ́ ti 1883. Tí kò bá sí ọjọ́ lẹ́yìn fọ́tò, ẹ má fi ọjọ́ sí i fúnra yín.

Ṣé òótọ́ ni pé Galli-Marié mọ̀ lára pé Bizet ń kú, bó ṣe ń ṣí káàdì lórí ìtàgé?

Ìtàn náà gbajúmọ̀: ó ní bó ṣe rí ikú nínú káàdì ní ìpele kẹta, àyà rẹ̀ já, Bizet sì kú ní òru náà. Ẹ pín in sí méjì. Bóyá wọ́n ṣe Carmen lálẹ́ yẹn, ìwé ìròyìn ọjọ́ náà lè dáhùn. Ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà, kò sí ìwé tó lè dáhùn rẹ̀. Ẹ kọ apá kìíní bí òtítọ́ tí ẹ bá ti rí i, kí ẹ sì kọ apá kejì bí «wọ́n ní».

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Ludovic Halévy náà. Ó kọ lẹ́tà ní ọjọ́ kejì alẹ́ àkọ́kọ́, ó tún kọ̀wé lọ́dún 1905 nígbà tí Carmen ti pé ẹgbẹ̀rún ìgbà nílé ìṣeré náà, ní oṣù Kejìlá 1904. Ẹnì kan náà, alẹ́ kan náà, ọgbọ̀n ọdún láàárín. Níbi tí méjèèjì bá ti yàtọ̀, lẹ́tà ni kí ẹ gbà.

Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè fún mi ní àkójọ òṣèré tó pé. Ṣé kí n lò ó?

Ẹ lò ó bí ohun tí ẹ máa lọ yẹ̀ wò. Ẹ kọ́kọ́ wo ipa kékeré: tí Nathan àti Teste bá ti ní orúkọ àbísọ láìsí ibi tó ti wá, ẹ yẹ ìyókù wò lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ìwé méjì tí wọ́n jọ sún mọ́ ọjọ́ náà ta kora. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́?

Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sọ ìwé tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fún àpẹẹrẹ: «Orúkọ tó wà nínú ìwé ọ̀rọ̀ eré 1875 nìyí, ìwé ìròyìn ọjọ́ náà dárúkọ ẹlòmíràn.» Gbólóhùn kan tó o. Ohun tí kò dára ni kí ẹ mú ọ̀kan tó wù yín kí ẹ sì fi èkejì pamọ́, nítorí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín á rí i, á sì rò pé ẹ ò wò ó. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn náà jáde àti ojú ewé rẹ̀ sínú ìwé ara yín, kódà tí kò bá sí àyè fún un nínú ìwé ètò.